Kóòṣì Lè Lọ: Ẹ̀kọ́ fún Ẹ̀yin Àbúrò Tó Fẹ́ Fi Eré Ìdárayá Wọ Yunifásítì ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin àbúrò mi, àsìkò tún ti tó tí àwọn kóòṣì ń pè yín lórí fóònù, tí gbogbo ilé ń yọ̀. Ẹ kú oríire. Mi ò ní tún máa ka ohun tí ẹ ti mọ̀ fún yín. Ẹ mọ̀ pé NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ní ìpele mẹ́ta (Division I ló ga jù), pé Division III kì í fúnni ní sikọ́láṣíìpù eré ìdárayá. Ẹ mọ̀ pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ Ivy League (àwọn yunifásítì àgbà mẹ́jọ bíi Harvard) náà kì í fúnni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Division I ni wọ́n wà. Ẹ mọ̀ pé Eligibility Center, ọ́fíìsì NCAA tó ń yẹ̀ yín wò bóyá ẹ lè díje, yóò ka iṣẹ́ (subject) ilé ẹ̀kọ́ girama 16, àti pé NCAA ti yọ ìdánwò SAT àti ACT kúrò nínú ohun tó ń béèrè láti 2023. Ohun tó ń dùn mí ni pé àṣìṣe tí àwọn tó ṣáájú yín ṣe gẹ́lẹ́ ni ẹ tún ń ṣe: kóòṣì lẹ ń yàn, ẹ wá rò pé yunifásítì lẹ yàn.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Èkíní, ẹ ka orúkọ. Ojú ìwé ikọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tọdún yìí àti ti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ẹ ṣí ti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ ọdún kìíní sínú ìwé. Ẹ ṣí ti ọdún tó tẹ̀ lé e, kí ẹ fa igi sórí ẹni tí ẹ ò rí mọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé ọdún kẹrin. Bí mẹ́wàá bá wọlé tí mẹ́ta péré kù, nǹkan kan ń lé èèyàn jáde níbẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Bí eré sísá bá ni tiyín, ẹ lọ sórí TFRRS, níbi tí àbájáde eré àwọn asáré yunifásítì wà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo àkókò tí ọmọ gbé wá láti ilé ẹ̀kọ́ girama, kí ẹ fi wé ti ọdún kẹta rẹ̀. Ẹnì kan tó wá pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 54.0 ní 400 mítà tó ṣì ń sá 54.3 lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lè jẹ́ pé ó fara pa. Tó bá jẹ́ mẹ́rin nínú márùn-ún ló rí bẹ́ẹ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ni kò dára. Ní ti bọ́ọ̀lù, ìṣẹ́jú tí àwọn ọmọ ọdún kìíní àti ìkejì lò lórí pápá ni kí ẹ kà. Ẹ wo iye èèyàn tó ń gbá ipò yín, àti ọdún tí kálukú wọn yóò jáde.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ńlá tàn yín o. UTEP, yunifásítì kan ní El Paso ní ìpínlẹ̀ Texas, ni Tobi Amusan ti kẹ́kọ̀ọ́. Ó gba ife NCAA ní 100 mítà onídènà ní 2017, kó tó wá sá 12.12 ní Eugene ní 2022, tó sì gba àmì ẹ̀yẹ àgbáyé. Kì í ṣe yunifásítì tí gbogbo ayé ń pariwo orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Èkejì, ẹ béèrè iye àwọn tó ń gba ìwé ẹ̀rí, àmọ́ ẹ mọ̀ pé nọ́ńbà méjì ló wà. Ti ìjọba àpapọ̀ ń ka ẹni tó wọlé lọ́dún kìíní tó sì parí ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà láàárín ọdún mẹ́fà. Ẹni tó bá ṣí lọ ibòmíì, ẹni tí kò parí ni wọ́n kà á sí. Ti NCAA, tí wọ́n ń pè ní GSR, máa ń yọ ẹni tó lọ nígbà tí èsì ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣì dára kúrò nínú ìṣirò, ó sì ń fi àwọn tó ti ibòmíì wá kún un. GSR ni kóòṣì yóò fi hàn yín, torí òun ló máa ń ga jù. Irọ́ kọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ gbé méjèèjì síra: bí GSR bá jẹ́ 90 tí ti ìjọba sì jẹ́ 55, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń kó ẹrù jáde. Ẹ wo APR ikọ̀ náà pẹ̀lú, ìyẹn máàkì tí NCAA ń fún ikọ̀ lórí bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe nínú ẹ̀kọ́ àti bí wọ́n ṣe ń dúró. 1,000 ni máàkì tó pé, ikọ̀ tó bá sì wà lábẹ́ 930 lè pàdánù ìdíje ìparí ọdún.

Ẹ̀kẹta, owó. Ìdàrúdàpọ̀ ibẹ̀ pọ̀ gan-an, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2025, lẹ́yìn ìdájọ́ House, ẹjọ́ tí àwọn eléré pe NCAA, àwọn ilé ẹ̀kọ́ Division I tó gba àdéhùn náà kì í ka iye sikọ́láṣíìpù mọ́, iye èèyàn inú ikọ̀ ni wọ́n ń kà: 45 fún eré sísá, 28 fún bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, 15 fún bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, sikọ́láṣíìpù 12.6 ni wọ́n ń pín fún gbogbo ọkùnrin tó ń sáré, 18 fún obìnrin. Mo ń gbọ́ tí àwọn ejẹ́ǹtì ń sọ fún yín pé ìyẹn túmọ̀ sí pé gbogbo èèyàn 45 ló máa gba odidi. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Òfin gbà á láyè, àpò ilé ẹ̀kọ́ lè má gbà á. Ọ̀pọ̀ ṣì ń gé e wẹ́wẹ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fún yín ní “sikọ́láṣíìpù”, ẹ béèrè pé ìdá mélòó, lórí kí ni. Ká ní gbogbo ìnáwó ọdún kan jẹ́ 48,000 dọ́là. 40% rẹ̀ jẹ́ 19,200. Ó ku 28,800 tí ẹ ó wá fúnra yín lọ́dún kan, 115,200 lọ́dún mẹ́rin. Ẹni tó tilẹ̀ gba odidi yóò san owó orí lórí apá tó jẹ́ ti ilé àti oúnjẹ, 14% ni wọ́n sì sábà máa ń yọ lọ́wọ́ ẹni tó ní físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1. Bí apá yẹn bá jẹ́ 14,000, 1,960 dọ́là nìyẹn, ó sì lè di gbèsè lórúkọ yín nílé ẹ̀kọ́ kí ẹ tó mọ̀. Owó NIL tí àwọn ọmọ onílùú ń gbà lórí ìpolówó, ẹ má kà á mọ́ ìnáwó yín, torí iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe fún un lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà lè ba físà yín jẹ́. Iṣẹ́ inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ, ni F-1 fàyè gbà.

Ìwé tó ń so ilé ẹ̀kọ́ mọ́ owó yín ni ìwé àdéhùn owó ìrànlọ́wọ́. Wọ́n ti fòpin sí National Letter of Intent, ìwé tí eléré fi ń ṣèlérí pé òun máa wá, ní oṣù Kẹwàá 2024, nítorí náà ìwé owó yẹn nìkan ló kù láti dì mú. Ẹ ka ọdún tó wà lórí rẹ̀. Ṣé ọdún kan ni, àbí mẹ́rin? Láti 2012 ni Division I ti gbà kí ilé ẹ̀kọ́ fúnni ní ti ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ẹni tí kò béèrè, ti ọdún kan ni wọ́n máa ń nà sí i. Ẹnu dùn ún ròfọ́. “A máa sọ ọ́ di odidi lọ́dún kejì” kì í ṣe nǹkan kan títí tí yóò fi wà lórí ìwé.

Mo fẹ́ lọ sí ẹ̀kẹrin, ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ń ṣubú, n ò sì lè fi gbólóhùn méjì kọjá rẹ̀.

Ẹ fi ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń sá 400 mítà ṣe àpẹẹrẹ. Ó gba 60%, ìwé ọdún kan. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú, àmọ́ aago méjì ọ̀sán ni ikọ̀ ń kó ara wọn jọ, ọ̀sán náà sì ni kíláàsì inú láàbù. Olùdámọ̀ràn ikọ̀ ní kó mú àwọn kíláàsì gbogboogbò ná, pé wọ́n á tún un ṣe tó bá yá. Ọdún kìíní dára. Ọdún kejì dára. Nígbà tí eré parí, kóòṣì rí iṣẹ́ tó tóbi ju tibẹ̀ lọ, ó sì lọ. Kò dẹ́ṣẹ̀, òun náà ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ fẹ́ kó àwọn tirẹ̀ wá látinú transfer portal, àkójọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí eléré tó fẹ́ ṣí lọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ń forúkọ sí. Ó pe ọmọ náà sí ọ́fíìsì, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó ní: “O ò sí nínú ètò mi. Á dáa fún ẹ kí o wọ portal.”

Ọmọ náà wọ portal lọ́jọ́ kejì. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tú okùn tó so ó mọ́ owó. Láti oṣù Kẹjọ 2024, Division I ti ní àwọn ìlànà tí kò jẹ́ kí wọ́n torí pé èèyàn ò sáré dáadáa gé sikọ́láṣíìpù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kéde pé òun ń lọ ti fún ilé ẹ̀kọ́ láyè láti dá owó náà dúró ní òpin sẹ̀mẹ́sítà. Kóòṣì yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi rẹ́rìn-ín.

Ó rí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Kírẹ́díìtì 58, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀kọ́ tó ti parí, ló gbé lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tuntun yẹ̀ ẹ́ wò, 38 péré ló bá ìwé ẹ̀rí tó fẹ́ gbà mu, torí ìyókù jẹ́ àwọn kíláàsì kíkó jọ tí kò lọ síbì kankan. Bẹ́ẹ̀ NCAA ní ẹni tó ń wọ ọdún kẹta gbọ́dọ̀ ti parí 40% iṣẹ́ ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 120, 48 nìyẹn. Ó ku mẹ́wàá. Kíláàsì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó lè fi dí i, òun ló máa sanwó rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, ó gbọ́dọ̀ gba I-20 tuntun, ìwé ilé ẹ̀kọ́ tí físà rẹ̀ dúró lé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé orúkọ rẹ̀ kọjá nínú SEVIS, àkójọ ìjọba lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, kí ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbi tuntun láàárín oṣù márùn-ún, kí físà rẹ̀ má bàa dàrú. Ó jókòó ní odidi sáà eré kan láìsá ìdíje kankan, bẹ́ẹ̀ ni ọdún márùn-ún tí Division I fún un ń jó lọ bí àbẹ́là. (Ẹ̀yin tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀ ní kíkún ní yunifásítì nílé, ẹ gbọ́ o: aago ọdún márùn-ún náà ti ń lọ láti ọjọ́ yẹn.)

Ẹ wo bó ṣe jẹ́ pé kò sí ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, kò sí ìdánwò tó já. Ọmọ náà gbọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni kò béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: ọdún mélòó ni ìwé owó mi? Ọdún mélòó ló kù lórí àdéhùn kóòṣì? Ta ló wà nínú ikọ̀ yìí báyìí tó ń kọ́ iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ́, ṣé mo lè bá a sọ̀rọ̀? Àdéhùn iṣẹ́ kóòṣì ní yunifásítì ìjọba jẹ́ ìwé tí ará ìlú lè béèrè ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn sì sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí orúkọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bá wà lójú ìwé ikọ̀, ẹ kà á. Bí èèyàn 20 nínú 30 bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà, àkókò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló bá a mu, kì í ṣe pé gbogbo wọn ló nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí irú ọ̀rọ̀ portal yẹn bá dé bá yín, ẹ má dáhùn nínú ọ́fíìsì kóòṣì. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ lọ bá ọ́fíìsì compliance, tó ń mójú tó òfin NCAA nílé ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ bi wọ́n pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí owó yín bí ẹ bá wọlé sínú portal àti bí ẹ ò bá wọ̀ ọ́. Ẹ lọ bá ọ́fíìsì àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè nípa I-20. Bí wọ́n bá gé owó tàbí kọ̀ láti sọ ọ́ dọ̀tun, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín láyè láti rojọ́ níwájú ìgbìmọ̀ tí kì í ṣe ti ẹ̀ka eré ìdárayá. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kò lo àyè yìí rí, torí a kọ́ wọn nílé pé ọmọlúàbí kì í bá àgbà jiyàn. Ìwé àdéhùn kì í ṣe àríyànjiyàn pẹ̀lú àgbà. Owó yín ni.

Ikọ̀ fúnra rẹ̀ náà lè parẹ́. Stanford, pẹ̀lú gbogbo ọrọ̀ rẹ̀, kéde ní oṣù Keje 2020 pé òun máa pa eré 11 nínú 36 rẹ́, kó tó yí ọkàn padà ní oṣù Karùn-ún 2021. Ẹ lọ sórí EADA, àkójọ ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà, kí ẹ wo iye eléré àti ìnáwó ikọ̀ yín fún ọdún márùn-ún. Ibi tí ìnáwó ti ń lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ ṣọ́ra níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, wákàtí. Òfin NCAA ní 20 lọ́sẹ̀ ní àsìkò ìdíje, mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ kan fún ìsinmi. Ìrìn àjò àti ìtọ́jú ara kò sí nínú ìṣirò náà, odidi ọjọ́ ìdíje sì jẹ́ wákàtí mẹ́ta péré lójú òfin. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí wọ́n bá fi ètò ọ̀sẹ̀ hàn yín.

Bí ẹ bá lọ ṣèbẹ̀wò, tàbí tí ẹ bá a ṣe lórí fídíò, ẹ má bá kìkì àwọn tí kóòṣì yàn fún yín sọ̀rọ̀. Ẹ wá ẹnì kan tó fara pa lọ́dún tó kọjá, kí ẹ bi í pé ọjọ́ mélòó ló fi dúró kó tó rí dókítà, ta ló san owó MRI, ṣé kóòṣì sì bi í léèrè ara rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sínú orúkọ tí ẹ fa igi lé ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ mú méjì nínú wọn, kí ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn pé kí ló dé tí wọ́n fi lọ.