Ìwé Nọ́ńbà Fóònù Ni Kẹ́ Ẹ Fi Bẹ̀rẹ̀ Ìkànnì Abẹ́lé Ilé Iṣẹ́ Yín

Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ ṣí ìkànnì abẹ́lé, èyí tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní intranet, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé síbẹ̀ ni àwòrán ọ̀gá àgbà, ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀, àti ìtàn bí wọ́n ṣe dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ á ṣí i lẹ́ẹ̀kan, á wò ó, kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ilé iṣẹ́ rẹ̀. Kò rí ohun tó ń wá níbẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkàn òṣìṣẹ́ wà níbi iṣẹ́, ohun tí òṣìṣẹ́ ń fẹsẹ̀ wá kiri láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì ni kó kọ́kọ́ gbé sórí ìkànnì.

Bí Wẹ́ẹ̀bù fúnra rẹ̀ ṣe fìdí múlẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù kẹta ọdún 1989, Tim Berners-Lee, ẹni tó dá Wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, kọ àbá kan fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní CERN, ibùdó ìwádìí ìmọ̀ físíìsì tó wà nítòsí Geneva. Ohun tó ká a lára ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé, wọ́n ń jáde, ìmọ̀ tí wọ́n ní sì ń bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àbá yẹn ló mú kí àwọn ará CERN máa lo Wẹ́ẹ̀bù. Ìwé nọ́ńbà fóònù ni. Inú kọ̀ǹpútà ńlá kan ló wà tẹ́lẹ̀, èèyàn sì ní láti kọ́kọ́ wọlé sínú rẹ̀ kó tó lè wá nọ́ńbà ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí Wẹ́ẹ̀bù, àwọn tí ọ̀rọ̀ Wẹ́ẹ̀bù kò kàn rárá wá ń ṣí i sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà wọn, nítorí nọ́ńbà fóònù nìkan.

Torí náà, ẹ jẹ́ kí ìwé nọ́ńbà yín dára. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ tí wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ mọ́ èyí tó wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, nítorí ẹni tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Ìbejì ní sítóò, ó lè má sẹ́ni tó mọ orúkọ ìwé rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀ka rẹ̀ sí i, ìlú tó wà, nọ́ńbà tó ń lò fún iṣẹ́, àwòrán ojú rẹ̀, ohun tí èèyàn lè torí rẹ̀ pè é, àti ẹni tó ń di ipò rẹ̀ mú bó bá lọ lífù. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ ìrìn àsán. Ẹ so ìwé náà pọ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ owó oṣù, kí orúkọ ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ lè kúrò níbẹ̀ lóṣù yẹn kan náà. Bí èèyàn bá pe nọ́ńbà mẹ́ta tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lọ, kò ní gba ìwé náà gbọ́ mọ́. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ àti àdírẹ́sì ilé kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ àfi bí ẹni tó ni ín bá fọwọ́ sí i. Ní Nàìjíríà, òfin ààbò dátà ọdún 2023 kan irú ọ̀rọ̀ yìí.

Lífù ló kàn. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí iye ọjọ́ tó kù fún un, ibi tí ìwé rẹ̀ dé, àti orúkọ ẹni tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fún ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí i ní ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kí ìwé náà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó wà lókè rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ìwé owó oṣù síbẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn tí HMO yín (ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ètò ìlera àwọn òṣìṣẹ́) fọwọ́ sí ní ìlú kọ̀ọ̀kan, àti iye tí oníkálukú ní nínú àjẹṣẹ́kù. Àwọn kan á ní iṣẹ́ akọ̀wé lásán nìwọ̀nyí, pé kò kan ọkàn ẹnikẹ́ni. Mi ò gbà. Ẹni tó ní láti bẹ akọ̀wé kó tó mọ ibi tí ìwé lífù rẹ̀ wọlẹ̀ sí ti mọ bí ilé iṣẹ́ ṣe kà á sí, kò dìgbà tó bá ka ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀.

Níbi tí wọ́n bá ti ní fákìtírì, dírẹ́bà àti máígádì, àwọn wọ̀nyí ni ìròyìn máa ń pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn jù. Wọn kò ní íméèlì ilé iṣẹ́, wọn kì í sì í jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi nọ́ńbà fóònù tàbí nọ́ńbà òṣìṣẹ́ wọlé, kí kóòdù máa wá sórí fóònù wọn nípasẹ̀ SMS. Bí ẹni tó gbàgbé password bá ní láti kọ íméèlì sí olú ilé iṣẹ́ kí wọ́n tó bá a yí i padà, kò ní wọlé mọ́. Ẹ tún rántí pé owó ara wọn ni wọ́n fi ń ra dátà. Ojú ewé kan kò gbọ́dọ̀ wúwo ju 1 MB lọ, àwòrán kan kó má ju 200 KB lọ, kí fífẹ̀ rẹ̀ má sì kọjá píksẹ́lì 1,200. Wi-Fi ọ̀fẹ́ níbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, àti tablet kan lára ògiri nítòsí ibi tí wọ́n ti ń buwọ́ lùwé wọlé, máa ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

Ohun kan wà tó ń ba ìkànnì abẹ́lé jẹ́ ju àìsí iná lọ: mẹ́mò tí wọ́n tẹ̀ síwèé, tí ọ̀gá buwọ́ lù, tí wọ́n wá skáànù sínú PDF tó tó 6 MB. Fóònù kékeré á tiraka kó tó ṣí i, èèyàn á máa fà á sọ́tùn-ún sósì kó tó lè kà á, àpótí ìwákiri kì í sì í sábà rí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, nítorí àwòrán lásán ni lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sórí ojú ewé tààrà, kí èyí tí wọ́n buwọ́ lù wà nínú fáìlì. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ààbò nídìí ẹ̀rọ, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá àti Píjìn pẹ̀lú, tàbí kí ẹnì kan kà á sínú ohùn tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Àmọ́ ibi tí ọkàn òṣìṣẹ́ ti ń yí padà gan-an ni ibi ìbéèrè. Ẹ ṣí ojú ewé kan tí ẹnikẹ́ni lè béèrè ohun tó bá jẹ ẹ́ lógún, kẹ́ ẹ sì fi òfin kan lélẹ̀: láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì, èèyàn kan gbọ́dọ̀ dáhùn, kó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. “Àwọn Aláṣẹ” kì í ṣe orúkọ. Bí ìdáhùn kò bá tíì sí, kó sọ ọjọ́ tí yóò wà. “Rárá” tí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ sàn ju “a ti gbọ́, a ó wo ọ̀rọ̀ náà” lọ. Ohun méjì ló sábà ń pa ojú ewé yìí. Wọ́n á pa ìbéèrè tó korò rẹ́, tàbí kí alábòójútó pe ẹni tó béèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó ní kí ló dé tí kò kọ́kọ́ bá òun sọ ọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo fákìtírì á ti gbọ́ kó tó di ọ̀sán, ìbéèrè á sì dópin.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ láìdárúkọ, ẹ ṣe é lóòótọ́. Lórí Microsoft Forms, tí wọ́n fi ń ṣe fọ́ọ̀mù ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ ẹ bá mú un pé àwọn ará ilé iṣẹ́ nìkan ló lè dáhùn, àpótí kan wà tí wọ́n kọ “Record name” sí. Ẹ yọ àmì inú rẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó pín fọ́ọ̀mù náà. Ẹ má sì béèrè ẹ̀ka, ọjọ́ orí àti iye ọdún lẹ́nu iṣẹ́ pa pọ̀, torí ní ẹ̀ka tó ní èèyàn mẹ́rin, ohun mẹ́ta yẹn ti tó láti mọ ẹni tó kọ ọ́. Èsì ẹ̀ka tí kò bá tó èèyàn márùn-ún, ẹ pa á pọ̀ mọ́ ti ẹ̀ka mìíràn.

Ẹ má fi iye èèyàn tó ń dá sí ọ̀rọ̀ ṣe òṣùwọ̀n ìkànnì yín. Ní 2006, Jakob Nielsen, ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ bí èèyàn ṣe ń lo ìkànnì, kọ̀wé pé nínú àwùjọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún kàn ń kà ni, ìdá 9 ń dá sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdá 1 ló sì ń kọ èyí tó pọ̀ jù. Bí òṣìṣẹ́ yín bá jẹ́ 200, èèyàn méjì péré lẹ ó máa gbóhùn wọn ní gbogbo ìgbà. Àwọn 180 tí wọn kò sọ̀rọ̀ ń wo bẹ́ ẹ ṣe dá àwọn méjì náà lóhùn.

Yin ni yin ni, kẹ́ni ó ṣe òmíràn: ìyìn yẹ kó wà lórí ìkànnì, ṣùgbọ́n kó ṣe pàtó. “Òṣìṣẹ́ tó pegedé jù lóṣù yìí” pẹ̀lú àwòrán kò sọ nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ pé ẹni báyìí rí i pé epo ń jò lábẹ́ jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, pé ó pa á, ó sì pe mẹkáníìkì kí iná tó ràn. Ẹ kéde ìkómọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú náà, nítorí níbi iṣẹ́ Yorùbá, ẹni tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá bá dárò kì í gbàgbé bọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ ṣáà kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tọ́rọ̀ kàn.

WhatsApp ńkọ́? Ẹ má bá a jà. Ẹ fi gbólóhùn méjì àti línkì ránṣẹ́ síbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ gan-an wà lórí ìkànnì, nítorí ohun tí wọ́n fi sí gúrúùpù láàárọ̀, ìkíni àti fídíò á ti bò ó mọ́lẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ sì máa tọ́jú ẹ̀dà ohun gbogbo síbòmíràn, ohun yòówù tí ìkànnì yín ìbáà dúró lé. Facebook gbé Workplace, irú ìkànnì abẹ́lé kan, jáde fún àwọn ilé iṣẹ́ ní 2016. Ní 2024, Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook, kéde pé àwọn máa tì í pa.

Láràárọ̀ Mọ́ńdè, kí ẹnì kan ṣí àkọsílẹ̀ àpótí ìwákiri, kó wo àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn wá tí wọn kò rí nǹkan kan. Bí wọ́n bá ń tẹ “owó oṣù” tàbí “payslip”, tí ojú ewé yín sì ń jẹ́ “Compensation Statement”, ẹ yí orúkọ ojú ewé náà padà lọ́jọ́ yẹn gan-an.