Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nígbà Tí Mo Fi Páàtì Ọdún Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ To Alùpùpù Àtijọ́ Kan

Alùpùpù Triumph 650 (ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 650 cc) tí mo ń gùn lónìí kì í ṣe ti ọdún kan ṣoṣo. Férémù rẹ̀ jẹ́ ti 1967, ilé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti 1969, orí sílíńdà rẹ̀ jẹ́ ti 1964, fọ́ọ̀kì àti ẹsẹ̀ (wíìlì) iwájú rẹ̀ sì jẹ́ ti 1968. Ọdún mẹ́rin ni mo fi tò ó, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó gbà ju ọdún méjì lọ. Ọdún méjì tó lé ni mo fi tú ohun tí mo ti tò palẹ̀ tí mo sì tún un tò, ìdí sì nìyí tí mo fi ń kọ èyí fún ẹni tó bá ti ní férémù kan nílẹ̀ tó ń wá ìyókù.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ni pé 650 kan kò yàtọ̀ sí 650 mìíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Alùpùpù tí wọ́n ṣe fún ọdún 1963 ni wọ́n ti kọ́kọ́ kó ẹ́ńjìnnì 650 àti jíà sínú ilé kan náà. Ṣáájú ìgbà náà, jíà dá dúró láyè tirẹ̀. Nígbà tó di 1971, inú férémù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí. Ẹni tó bá mọ alùpùpù díẹ̀ kò ní ṣi ìwọ̀nyí mú fún ara wọn. Àárín 1963 sí 1970 ni ìrísí wọn ti jọra jù, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe ti rọrùn jù.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí: kí ẹ tó ra páàtì kejì, ẹ yan èyí tí yóò jẹ́ olórí fún gbogbo ìyókù. Àwọn kan ń fi férémù ṣe olórí nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ ló máa ń wà nínú ìwé ọkọ̀, n kò sì bá wọn jiyàn. Èmi fi ilé ẹ́ńjìnnì ṣe olórí, nítorí pé inú rẹ̀ ni kíráńkì (ọ̀pá tí písítìnì ń yí), béárìn àti jíà ń gbé, òun náà ló sì ń pinnu ohun tó lè jókòó lórí rẹ̀. Mo kọ ọdún àti nọ́ńbà rẹ̀ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo sì ń yẹ gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ rà wò sí i. Ìbá ṣe pé mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì bá ti ṣẹlẹ̀.

Apá méjì ni ilé ẹ́ńjìnnì náà, òsì àti ọ̀tún. Wọ́n máa ń dè wọ́n pọ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ihò béárìn kíráńkì àti ojú ibi tí sílíńdà ń jókòó lé, wọ́n á sì lu nọ́ńbà kan náà sí abẹ́ apá kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà pínyà. Èmi ra apá òsì lọ́wọ́ ẹnì kan, mo ra apá ọ̀tún lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ti 1969 ni àwọn méjèèjì, ohun tó sì tàn mí nìyẹn. Nígbà tí mo kó kíráńkì sínú wọn, ó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ níwọ̀n ìgbà tí bóòtù kò tíì le. Bí mo bá ti mú bóòtù le báyìí, kíráńkì á gan pa. Mo pààrọ̀ béárìn lẹ́ẹ̀mejì. Mo dá kíráńkì lẹ́bi, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àgbà kan tó ń fi léètì (ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ irin) ṣiṣẹ́. Bàbá náà kò tilẹ̀ fọwọ́ kan kíráńkì. Wọ́n dojú ilé ẹ́ńjìnnì dé, wọ́n ka nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀, wọ́n fi èékánná fa ibi tí apá méjèèjì ti pàdé lókè, wọ́n sì ní kí èmi náà fà á. Èékánná mi kọ́ níbi tó yẹ kó ti tẹ́jú. "Táíwò ilé kan lo mú pọ̀ mọ́ Kẹ́hìndé ilé mìíràn, ọmọ mi," ni wọ́n wí. Oṣù méje ni mo fi wá apá méjì tí nọ́ńbà abẹ́ wọn bára mu.

Tíréèdì, ìyẹn eyín tó yí ara bóòtù ká, ló tún fìyà jẹ mí jù lẹ́yìn èyí. Lára alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ẹ óò bá irú tíréèdì tí wọ́n ń pè ní Cycle àti Whitworth lára àwọn ti àtijọ́, ẹ óò sì bá irú tí wọ́n ń pè ní UNF lára àwọn ti ìparí àwọn ọdún 1960, nítorí náà gbogbo wọn ló máa ń pàdé lára alùpùpù tí a bá tò bí tèmi. Bóòtù 5/16 íǹṣì tó jẹ́ Cycle ní eyín 26 nínú íǹṣì kan, UNF rẹ̀ sì ní 24. Ní ìwọ̀n 1/4, Cycle ní 26, UNF ní 28. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé nọ́ọ̀tì yóò wọ ìlà méjì tàbí mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì rò pé ìpẹtà ló ń dí i lọ́wọ́. Ohun tí mo rò nìyẹn, mo sì fi sípánà fipá yí i. Nígbà tí mo fẹ́ tú u, òpó bóòtù náà bá nọ́ọ̀tì jáde pẹ̀lú alumíníọ̀mù tó yí i ká. Ó tún wá léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi 5/16 Whitworth àti UNC (ẹgbẹ́ UNF tí eyín rẹ̀ tóbi jù), nítorí pé eyín 18 ni àwọn méjèèjì ní nínú íǹṣì kan, ṣùgbọ́n igun eyín Whitworth jẹ́ dígíríì 55, ti UNC jẹ́ 60, wọn kò sì di ara wọn mú dáadáa. Ẹ ra géèjì tíréèdì (irin eléyín tí a fi ń wọn tíréèdì) kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn. Ẹ fi ìka lásán yí gbogbo nọ́ọ̀tì dé ìsàlẹ̀ kí sípánà tó kàn án. Èyí tí ìka kò bá lè yí, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ sì wọ̀n ọ́n.

Ọ̀pá oníhò tí pushrod (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mú fáàfù ṣí) ń gba inú rẹ̀ kọjá náà ní gígùn tó yàtọ̀ láti ọdún dé ọdún, bẹ́ẹ̀ náà sì ni rọ́bà tó ń dí ẹnu rẹ̀. Bí ó bá gùn jù, orí sílíńdà kò ní jókòó dáadáa lórí gásíkẹ́ẹ̀tì; bí ó bá kúrú jù, ọ́ìlì á máa jò. Mo gbé orí lé e láìmú bóòtù le, mo wọn àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti sílíńdà, mo sì yọ sísanra gásíkẹ́ẹ̀tì kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ìwọ̀n tí rọ́bà yóò fún pọ̀.

Ní ti bíréèkì, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ iwájú tí mo kọ́kọ́ rà jẹ́ ti 1971, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú fọ́ọ̀kì 1968 mi tán. Ṣùgbọ́n pẹpẹ irin tó gbé bàtà bíréèkì gbọ́dọ̀ ní ibi tí fọ́ọ̀kì ti dì í mú gírígírí. Bí kò bá ní, nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, pẹpẹ náà yóò bá ẹsẹ̀ yí, yóò fa wáyà já, ẹsẹ̀ iwájú sì lè dúró lójijì lórí eré. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n jó irin pélébé kan mọ́ ọn. Mo kọ̀, mo ta ẹsẹ̀ náà, mo sì wá èyí tí wọ́n ṣe fún fọ́ọ̀kì mi.

Ní ti iná, ẹ rántí pé ẹnu pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n ń so mọ́ ara irin alùpùpù wọ̀nyí, pé àwọn ti àtijọ́ sì ń lo fóòtì 6 kí wọ́n tó bọ́ sí 12. Ọ̀dà ni kó kẹ́yìn. Mo ti kun férémù tèmi kó tó hàn sí mi pé ó yẹ kí n jó etí kan mọ́ ọn, iná sì ba gbogbo ọ̀dà náà jẹ́. Ẹ to gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìkùn ún títí dé orí ìjókòó àti ṣéènì, kí ẹ fi irin gígùn tó tọ́ wo bóyá jíà iwájú àti ti ẹ̀yìn wà lórí ìlà kan, lẹ́yìn náà kí ẹ tú u, kí ẹ sì kùn ún.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dáhùn, mo jẹ́ kí ó gbóná dáadáa, mo pa á, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ó ti tutù pátápátá, mo tún bóòtù orí sílíńdà mú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án sì tún yí díẹ̀ kí wọ́n tó le, mo wá tún àlàfo fáàfù wọ̀n kí n tó gùn ún jáde.