Ẹ Má Ṣèlérí Aago Méje Fún Ẹnikẹ́ni

Ẹ̀yin tí ẹ gbé kámẹ́rà kiri Èkó nínú oṣù kẹwàá ọdún 2020, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tí ẹ bá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má sọ fún un pé yóò rí ara rẹ̀ nínú ìròyìn tẹlifíṣọ̀n aago méje alẹ́.

Alausa la wà, ọjọ́ 19, láàárín àwọn tó ń wọ́de tako SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè. Màmá kan gbé fọ́tò ọmọ rẹ̀ tó ti kú dání nínú ọ̀rá, ó fi etí ìró nù ún. Ó ní kí n dúró, kí òun tún gèlè òun wé. Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, kò sunkún. Ó bi mí pé ìgbà wo ló máa jáde. Ẹnu mi yá. Mo ní, "Aago méje, mà."

Aago méje lù. Ọ̀rọ̀ ìjọba, ọ̀rọ̀ ìjọba. Ìwọ́de kọjá fìrí láti òkèèrè, a ò gbóhùn ẹnì kankan, bọ́ọ̀lù ti dé. Kì í ṣe èmi ni mo gé e o, kámẹ́rà nìkan ni iṣẹ́ mi. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́jọ lù, fóònù mi dún, màmá náà ni. Mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àti ohùn èrò lẹ́yìn rẹ̀: ó ti ra epo, ó ti pe àwọn àna rẹ̀ wá láti Ìkòròdú. Kò bú mi. Ó ní, "Bùọ̀dá oníkámẹ́rà, ṣé aago méje mìíràn tún wà ni?" Ẹnì kan ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe kú.

Lọ́jọ́ kejì, kónílé-ó-gbélé, ìbọn sì dún ní Lekki. Ọjọ́ 21, wọ́n dáná sun ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n TVC ní Ketu. Ọ̀gá wa ní kí a yọ lógò kúrò lára máìkì. Ẹ yọ ọ́, ó dáa. Mi ò gbè sẹ́yìn ẹni tó ń sun ilé iṣẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ló tan jẹnẹrétọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn tí kò rí ara rẹ̀?

Ẹ bèèrè ẹni tó ya fídíò WhatsApp kí ẹ tó gbé e jáde. Owó ìtanràn mílíọ̀nù 3 náírà ni NBC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, bù lé tẹlifíṣọ̀n AIT, Channels àti Arise lọ́kọ̀ọ̀kan torí fídíò orí ayélujára. Ẹ̀rù ba àwọn ọ̀gá nígbà náà, wọ́n sì túbọ̀ ń gé nǹkan ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹ má ṣèlérí.

Mo ti lọ bẹ màmá, wọ́n ti gbà. Ìyá mìíràn bi mí lánàá pé ìgbà wo. Mo ní, "Mi ò mọ̀, mà. Ẹ má tíì tan jẹnẹrétọ̀."