Wáyà Tó Nípọn Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà fún Fíríìjì Inú Ọkọ̀

Ìbéèrè tí àwọn tí a jọ máa ń wa ọkọ̀ lọ sùn nínú igbó J4, ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, sábà máa ń bi mí ni pé irú fíríìjì alágbèéká wo ni kí àwọn rà. Èmi a sì máa dá wọn lóhùn pé kí wọ́n kọ́kọ́ ro ti ọ̀nà tí iná yóò gbà dé ìdí fíríìjì náà, nítorí ojú mi ti rí fíríìjì olówó gọbọi tó ń kú lọ́gànjọ́, tí yìnyín ara ẹja inú rẹ̀ ń yọ́, nígbà tí iná ṣì wà nínú bátìrì dáadáa.

Fíríìjì oníkọ̀ńpírẹ́sọ̀ tó ń lo fóltì 12 kì í sábà fa ju nǹkan bí ámpù 4 sí 5 lọ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣọ́ fóltì tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ ju bí wọ́n ṣe sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ, yóò pa ara rẹ̀ kí bátìrì má baà gbẹ. Wáyà tín-ín-rín sì máa ń jẹ fóltì lójú ọ̀nà. Ká ní láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì dé búùtù jẹ́ mítà 5, àlọ àti àbọ̀ iná di mítà 10 nìyẹn. Bí ẹ bá fi wáyà bàbà 1mm² (ìyẹn ìwọ̀n bí bàbà inú rẹ̀ ṣe nípọn tó) ṣe é, ámpù 5 yóò pàdánù nǹkan bí fóltì 0.9, tó fi jẹ́ pé bátìrì tó wà ní 12.4 yóò dà bí 11.5 lójú fíríìjì. Bí ó bá jẹ́ 6mm², ohun tí yóò sọnù kò tó fóltì 0.2. Ìdí rèé tí n kì í fi fara mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni ki fíríìjì sí ihò tí a ń ki ṣájà fóònù sí nínú ọkọ̀: wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ kéré, ẹnu rẹ̀ a sì máa mì bí ọkọ̀ bá ti kó sí gbágungbàgun.

Fíríìjì gbọ́dọ̀ ní bátìrì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tí ọkọ̀ fi ń ṣáná, òjé inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, kò sì wà fún kí a máa fa iná rẹ̀ mọ́jú. Ẹ ra bátìrì oníṣẹ́ pípẹ́, irú èyí tí àwọn onísólà ń lò, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ, ìyẹn nǹkan bí fóltì 12.1 nígbà tó bá sinmi. Nínú ooru tiwa, fíríìjì lè fi wákàtí 12 nínú 24 ṣiṣẹ́, tí yóò sì jẹ tó 60Ah, ìyẹn ámpù 5 fún wákàtí 12. Bátìrì 100Ah olómi kan ṣoṣo kò lè gbé e di ọjọ́ kejì bí ẹ kò bá wa ọkọ̀ tàbí tẹ́ sólà. Nípa rílè tó ń so bátìrì méjèèjì pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tó sì ń yà wọ́n bí a bá pa á, ó tó fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́.

Ibi tí mo ti máa ń bá rẹ́wáyà fa ọ̀rọ̀ ni fíúùsì. Ọ̀kan ní Ṣágámù sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi ẹyọ kan sí ẹ̀yìn, níbi tí ẹ ó ti tètè rí i.” Mo ní rárá. Wáyà ni fíúùsì ń dáàbò bò, kì í ṣe fíríìjì. Bí wáyà tó so bátìrì méjèèjì pọ̀ bá ha ara irin ọkọ̀ láàárín ọ̀nà, bátìrì iwájú tí ọkọ̀ fi ń ṣáná àti ti fíríìjì ní ẹ̀yìn ni yóò da iná sí i, nítorí náà ìdí bátìrì kọ̀ọ̀kan ni fíúùsì gbọ́dọ̀ wà, kó má jìnnà ju ìbú ọwọ́ lọ. Ibi tí wáyà bá sì ti gba inú irin kọjá, ẹ fi rọ́bà wé etí ihò náà.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ tan fíríìjì, ẹ jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́, kí ẹ fi mítà wọn fóltì ní ojú bátìrì àti ní ẹnu fíríìjì. Bí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá ju 0.3 lọ, ẹ fọwọ́ kan àwọn oríkèé wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ni kí ẹ tú kí ẹ sì tún dì.