Ẹ Fi "Ògbómọ̀ṣọ́" Dán Fọ́ǹtì Wò: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Àbúrò Tó Ń Dá Iṣẹ́ Ìkànnì Ṣe

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ti ń gba iṣẹ́ ìkànnì fúnra yín, láti Under G títí dé Takie, tí ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni màá fi bẹ̀rẹ̀: Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ẹ tó mú fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà, fún iṣẹ́ kankan nílùú yìí, ẹ kọ orúkọ ìlú wa síbẹ̀, kó tóbi dáadáa, kí ẹ wò ó lórí fóònù. Fọ́ǹtì tó bá gbé e láìṣẹ́po, ó ṣe é lò. Èyí tí kò bá lè gbé e, bó ti wù kó rẹwà tó, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìdí rèé. Lójú wa, lẹ́tà mẹ́jọ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Lójú kọ̀ǹpútà, àmì mẹ́wàá ni. Ò àti ó ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ṣ náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀ àti ọ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dá dúró: kọ̀ǹpútà á kọ ọ, á wá gbé àmì ohùn lé e lórí lọ́tọ̀. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá fi ibi tí àmì máa jókòó sí hàn án, àmì náà á fò sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó lọ gùn lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Èyí tí kò tiẹ̀ ní ọ rárá ló burú jù. Ẹ̀rọ á lọ yá ọ lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn, gbogbo ọ̀rọ̀ á wá dà bí agbádá tí wọ́n fi aṣọ ẹlòmíràn lẹ̀ lápá.

Google Fonts, ibi tí Google ti ń pín fọ́ǹtì lọ́fẹ̀ẹ́, máa ń gé fọ́ǹtì sí apá-apá kó lè fúyẹ́. Bí ẹ bá gbé e wá sórí server tiyín, ẹ̀rọ tó ń gbé ìkànnì yín, ẹ ó rí apá tí wọ́n pè ní latin, latin-ext àti vietnamese. Ẹni tó ń wá bí ojú ewé ṣe máa fúyẹ́ á ní kí ló kan àwa pẹ̀lú Vietnam, á sì yọ ọ́ dànù. Inú apá Vietnam yẹn gan-an ni ẹ àti ọ wa wà, àti àmì ohùn tó ń gun orí wọn. Ṣ ló wà ní latin-ext. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la nílò. Ẹ kọ lang="yo", àmì tó ń sọ èdè ojú ewé fún ẹ̀rọ, sórí ojú ewé tó bá jẹ́ Yorùbá, kí ẹ sì fi line-height, àlàfo ìlà sí ìlà, sí nǹkan bí 1.6. Ní 1.2, àmì ìsàlẹ̀ ìlà òkè àti àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ á máa forí gbárí.

Àpótí ìwákiri náà ní wàhálà tirẹ̀. Ọ̀nà méjì ni bọ́tìnnì ìtẹ̀wé oríṣiríṣi ń gbà kọ "ọjà": ọ̀kan á lo ọ àti à tó ti wà lódindi, èkejì á kọ o pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, a pẹ̀lú àmì òkè. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ á ní òun kò rí ọjà, bẹ́ẹ̀ ọjà kún ojú ewé. Ẹ fi normalize("NFC"), tó ń sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan, fọ ohun tí ẹ ń tọ́jú àti ohun tí èèyàn ń wá. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ẹ̀dà kan tí kò ní àmì kankan fún ìwákiri nìkan, torí pé ẹni tó ń fi fóònù wá nǹkan nínú kẹ̀kẹ́ kò ní àkókò àmì ohùn.

Lórí fóònù yẹn ni iṣẹ́ yín ń gbé. Ojú laptop yín ń tàn yín jẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ yíyàwòrán yín láti fífẹ̀ píksẹ́lì 360, kó tó di pé ẹ ń ronú nípa ojú tó gbòòrò. Ethan Marcotte ló sọ ọ̀nà iṣẹ́ tí ojú ewé fi ń bá ojú ẹ̀rọ mu lórúkọ ní 2010. Síbẹ̀ mo ṣì ń rí ìkànnì tí wọ́n gbàgbé ìlà meta viewport, èyí tó ń sọ fún fóònù kó fi ojú ewé bá fífẹ̀ ara rẹ̀ mu, lórí rẹ̀, tí lẹ́tà wá kéré bí eèrà.

Fọ́tò ló ń pa ìkànnì jù níbí. Fọ́tò tí oníbàárà fi fóònù yà lè fẹ̀ tó píksẹ́lì 4000, kó ga tó 3000, kó sì wúwo tó 4 MB. Mẹ́wàá irú ẹ̀ di 40 MB. Dátà ta ni ẹ ń jẹ? Ẹ dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí 1200, ẹ tọ́jú rẹ̀ sí irú fáìlì WebP tàbí JPEG ní ìwọ̀n dídára 75 nínú 100, ọ̀pọ̀ wọn á bọ́ sábẹ́ 200 KB. Mẹ́wàá kò wá ní ju 2 MB lọ. Ẹ kọ width (fífẹ̀) àti height (gíga) sí àmì img kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, fọ́tò tó pẹ́ dé á ti gbogbo nǹkan sísàlẹ̀, ìka tó ń lọ tẹ "Pè wá" á bá ara rẹ̀ lórí nǹkan mìíràn. loading="lazy", tó ń jẹ́ kí fọ́tò dúró títí èèyàn á fi sún mọ́ ọn, dára fún fọ́tò ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi sí ti òkè pátápátá, ẹ ó kàn mú un pẹ́ ni.

Nípa àwọ̀, ẹ gbé fóònù jáde sínú oòrùn aago kan ọ̀sán. Eérú #999 (kóòdù àwọ̀ ni) lórí funfun tí gbogbo èèyàn ń pè ní "ó mọ́ tónítóní" kò fi ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí i ju 2.85 sí 1 lọ, bẹ́ẹ̀ 4.5 sí 1 ni WCAG, ìlànà ìkànnì tí gbogbo èèyàn lè lò, ń béèrè fún lẹ́tà tí kò tóbi. #767676 ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí i ni. Bọ́tìnnì WhatsApp náà nìyí: wa.me/234, kí nọ́ńbà tẹ̀lé e láìsí + níwájú, láìsí 0 àkọ́kọ́. 0 yẹn ló ń mú kí oníbàárà máa ṣàròyé pé ẹnikẹ́ni kò kọ̀wé sí òun.

Ẹni tó dá dúró kò ní ọ̀gá tó máa sọ fún un pé eléyìí kò dáa. Ẹ ní láti wá ojú mìíràn. Ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ iṣẹ́ yìí rárá ní fóònù, ìyá tó ń ta èlùbọ́ ti tó fún yín, ẹ ní kó wá iye owó ọjà kan àti nọ́ńbà ẹni tó ń tà á. Kí ẹ panu mọ́. Ẹ má nawọ́, ẹ má ní "ẹ fà á sókè mà." Ibi tí ìka rẹ̀ bá dúró sí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí.

Bí ẹ bá dé Ọ̀yọ́, ẹ yà lọ́dọ̀ àwọn tó ń fín igbá. Ìyípo igbá ló ń sọ ibi tí ọnà máa gbà. Wọn kì í ya ọnà sórí pẹpẹ kí wọ́n tó wá wá igbá tó máa gbà á. Ṣùgbọ́n àwa ń ra theme, àwòrán ìkànnì tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, tí àwọn òyìnbó ń rẹ́rìn-ín nínú ọ́fíìsì onígíláàsì lórí rẹ̀, a wá ń wá ibi tí a máa ti ọ̀rọ̀ Alhaja tó ń ta aṣọ òfì sí. Ọ̀rọ̀ oníbàárà ni igbá. Ẹ gbà á tán, ẹ kà á, kí ẹ tó ya ìlà kan. Àwọ̀ náà, ẹ mú un lára ọjà rẹ̀: ọ̀kan fún ilẹ̀, ọ̀kan fún lẹ́tà, ọ̀kan fún bọ́tìnnì nìkan. Ẹ̀kẹrin máa ń dá ìjà sílẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó. Ìkànnì ojú ewé márùn-ún: ìjókòó pẹ̀lú oníbàárà, wákàtí 3, yíyàwòrán, 8, kíkọ kóòdù, 16, títún fọ́tò àti ọ̀rọ̀ ṣe, 6, àtúnṣe, 6, ìdánwò, 4. Wákàtí 43 nìyẹn, àwọn àbúrò sì máa ń gba owó 16. Dátà, epo jẹnẹrétọ̀ àti domain (orúkọ ìkànnì) tí wọ́n ń tà ní dọ́là kò tíì wọ̀ ọ́. Ẹ gba ìdajì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, 30 nínú 100 nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí àwòrán, 20 tó kù kí ìkànnì tó jáde síta.

Àgbà ni ọ̀pọ̀ oníbàárà wa, ẹ kò sì lè na ìwé àdéhùn sí Alhaja lójú bí ẹni mú un lọ sí kóòtù. Ẹ kọ ọ́ sí WhatsApp báyìí:

"Ẹ káàsán mà. Ẹ ṣé tí ẹ gbé iṣẹ́ yìí fún wa. Bí a ṣe jọ sọ ọ́ nìyí: ojú ewé márùn-ún, fọ́tò ogún, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ìdajì owó la ó fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, a ó sì máa kà á láti ọjọ́ tí fọ́tò àti ọ̀rọ̀ bá pé lọ́wọ́ wa. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi 'bẹ́ẹ̀ ni' dá wa lóhùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni" yẹn, ẹ tọ́jú rẹ̀. Bó bá rán ohùn wá, ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀, kí ẹ dá a padà fún un kó fọwọ́ sí i. Tó bá wá ní "ṣebí ọmọ mi ni ẹ́, dín in kù," ẹ má dín owó nìkan. Ẹ dín iṣẹ́ kù pẹ̀lú rẹ̀: ojú ewé mẹ́ta dípò márùn-ún. Ẹni tó bá dín owó lásán ti sọ pé iye àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́.

Iná kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bátìrì olómi 12V 100Ah jẹ́ 1,200 Wh lórí ìwé. Ẹ má lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, inverter á jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó ku nǹkan bí 500. Laptop àti router tó jọ ń jẹ 55 wáàtì á lo bíi wákàtí mẹ́sàn-án.

Domain ló ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Ẹ fi orúkọ oníbàárà rà á, pẹ̀lú email rẹ̀, ì báà jẹ́ .com tàbí .com.ng tó wà lábẹ́ NiRA, àjọ tó ń bójú tó orúkọ ìkànnì .ng. Email yẹn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó wà lórí domain náà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí domain bá kú ni email kú, gbogbo ìkìlọ̀ tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́ á máa já sínú àpótí tí kò sí mọ́. Fún .com, ẹni tó tà á lè fún yín láyè tó ọjọ́ 45 lẹ́yìn tí ọjọ́ pé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọjọ́ 30 tí wọ́n fi ń rà á padà, owó gọbọi sì ni. Ọjọ́ 5 ló kù lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá sì yára lè gbà á. Ìwé ẹ̀rí Let's Encrypt tó ń gbé https, ìsopọ̀ tí ẹlòmíràn kò lè yọ́ wò, ró kì í ju ọjọ́ 90 lọ ní tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa tún ara rẹ̀ ṣe, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù, torí ọjọ́ tí kò bá tún un ṣe, ìkìlọ̀ ni oníbàárà máa kọ́kọ́ rí.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fa iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, ẹ tẹ ìwé ojú kan, ẹ má ṣe é ní PDF nìkan: ibi tí wọ́n ti ra domain àti hosting (ibi tí ìkànnì ń gbé), email tó ni wọ́n, ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa parí, iye tí wọ́n ná lọ́dún yìí, ibi tí ẹ̀dà ìkànnì wà. Ẹ má kọ password síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà yí i padà níṣojú yín. Kí ẹ wá kọ ọjọ́ tó fi 60 ọjọ́ ṣáájú ọjọ́ ìparí sórí fóònù tiyín. Lọ́jọ́ náà, ẹ pè é, ẹ má kọ email. Ó ṣeé ṣe kó ti fi ọjà náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ tọrọ nọ́ńbà ọmọ yẹn.