Ó Kà Á Já Geere, Kò Mọ Ohun Tó Kà

Ọjọ́rú, oṣù Kejì, sáà ẹ̀kọ́ kejì. Ilé-Ifẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù ni mo fẹ́ kọ lónìí. Gbogbo wa la mọ bí ₦70,000 tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣe owó oṣù tó kéré jù ní 2024 ṣe ń yára tán, pàápàá fún ẹni tó ń wọ kòròpe lọ tó ń wọ̀ ọ́ bọ̀. Kì í sì í ṣe ti èrò inú kíláàsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa ní ọmọ 35 ni kó wà lọ́wọ́ tíṣà kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí tèmi sì lé ní ọgọ́ta. Mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń há ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì ẹlẹ́ni méjì. Bí ẹnì kan bá ń kọ̀wé, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ká apá kò. A ti ń bá ìyẹn yí o. Ẹ̀kọ́ ìwé kíkà tí mo ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ Kíláàsì Karùn-ún mi láàárọ̀ yìí ni kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ìtàn inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì wa dá lórí àgbẹ̀ kan tó sá kòkó síta, tó wá lọ síbi ìgbéyàwó ní ìlú kejì. Òjò rọ̀, kòkó bàjẹ́. Mo ní kí ọmọbìnrin kan dìde kà á. Ó kà á já geere. Ibi tó yẹ kó dúró, ó dúró. Ibi tí àmì ìbéèrè wà, ó gbóhùn sókè. Ẹni tó bá ń kọjá lẹ́yìn fèrèsé á ní ilé ìwé olówó gọbọi ni. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo wá bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ló dé tí àgbẹ̀ náà fi ń sunkún. Kò sọ̀rọ̀. Mo ju ìbéèrè náà sí gbogbo kíláàsì, kẹ́kẹ́ pa. Nígbà tó yá, ọmọkùnrin kan nàwọ́, ó dìde, ó sì ka gbólóhùn kejì inú ìtàn náà sókè bó ṣe wà. Òmíràn ka ìkẹta. Ó wá hàn sí mi pé gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè mi bá ti fara hàn ni wọ́n ń ṣà jọ fún mi. Ọgbọ́n ni o, n kò ní bú wọn. Ọ̀pọ̀ ìdánwò ni irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ti bá èèyàn yege. Nígbà tí mo bèèrè bóyá ìtàn náà yé wọn, gbogbo wọn hó lẹ́ẹ̀kan náà: “Yẹ́ẹ̀sì, Àǹtí!”

“Yẹ́ẹ̀sì, Àǹtí” yìí ló ń dẹ́rù bà mí nínú iṣẹ́ tíṣà. Ọmọ tó ní kò yé òun kò le. Àlàyé ló kù, a ó sì ṣe é. Àmọ́ ọmọ tó ti kọ́ láti Kíláàsì Kejì pé ariwo ló máa ń mú kí tíṣà kọjá lọ, ibo lèèyàn fẹ́ ti bá a mú un?

Mo pa ìwé dé. Mo bèèrè pé àwọn wo ni wọ́n ní oko kòkó nílé wọn. Ọwọ́ lọ sókè yẹbẹ-yẹbẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn náà ní Yorùbá. N kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí ẹnì kan fi pariwo láti ẹ̀yìn: “Kí ló tiẹ̀ lọ ṣe níbi ìyàwó, nígbà tí kòkó ẹ̀ wà níta?” Òmíràn ní ó yẹ kó fi ọmọ sílé tì í. Ọmọ tó kàwé geere lẹ́ẹ̀kan náà bọ́ síta, ó ní orí tapólì ló yẹ kó sá a sí, kí ẹnikẹ́ni tó bá wà nílé lè ká a papọ̀ kíá bí òjò bá ṣú. Àbí ẹ rí nǹkan? Ẹni tí kò rí ohun kan sọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn ló ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn.

Ọmọkùnrin kan tó máa ń ti oko lójú ọ̀nà Oǹdó wá sílé ìwé dìde nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀. “Àǹtí, wọn ò sọ fún wa bóyá ó ti bò ó.” Mo ní kó ṣàlàyé. Ó ní bí èèyàn bá fọ́ kòkó tán, kì í kàn gbé e sóòrùn. Á kó o jọ pẹ̀lú omi ara rẹ̀, á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó pinpin fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, á sì máa yí i po láàárín ìgbà náà. Ó ní bí èèyàn bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ṣe ló máa ń gbóná. Èyí tí wọn ò bá bò dáadáa, àwọ̀ inú rẹ̀ kì í dára, àwọn tó ń ra kòkó á là á wò, wọ́n á sì gé owó rẹ̀ lulẹ̀. Ó ní òjò nìkan kọ́ ló lè pa àgbẹ̀ yẹn lẹ́kún.

Kíláàsì dákẹ́ fún un. Èmi náà dákẹ́. Ohun tí ọmọ yìí ń sọ, sáyẹ́ǹsì pọ́nńbélé ni. Ìwúkàrà àti bakitéríà ló ń jẹ adùn tó wà lára kòkó tútù, ooru tí ọwọ́ rẹ̀ bá nínú ewé, iṣẹ́ wọn ni. Ibẹ̀ náà sì ni adùn ṣokoléètì tí wọ́n ń jẹ lókè òkun ti bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ọmọ yìí wà nínú èsì ìdánwò sáà tó kọjá. Mo ti kọ ọ́ sí káàdì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ fún gbogbo wọn, pé kó tẹpá mọ́ṣẹ́.

Nígbà tí a padà sórí Gẹ̀ẹ́sì, tí mo tún bèèrè ìdí tí àgbẹ̀ fi sunkún, mo rí ìdáhùn gidi gbà. Gẹ̀ẹ́sì náà ń tiro, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwọn ni.

Ìsinmi ráńpẹ́ parí báyìí ni ọ̀gá wa rán ọmọ káàkiri pé àwọn ará ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ wa wò. Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi mọ bó ṣe máa ń rí. Nóòtì ẹ̀kọ́ jáde sórí tábìlì, rẹ́jísítà jáde, Gẹ̀ẹ́sì gba ẹnu gbogbo wa láti Kíláàsì Kìíní dé Ìkẹfà. Kíláàsì tèmi tó hó bí ọjà láàárọ̀ tutù mìnìjọ̀. Ìdá ni mo ń kọ́ wọn. Ọ̀gá àwọn ará ọ́fíìsì náà wọlé, àwọn ọmọ dìde kí i, ó bi ọ̀kan nínú wọn ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni wọ́n ń kọ́. Ọmọ náà tọ́ka sí pátákó. Ó bi ìkejì, òun náà tọ́ka síbẹ̀.

Ó yẹ nóòtì mi wò, ó fi bírò pupa fa ilà sábẹ́ ibi tí a ti ń kọ ohun tí ọmọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ó kúrú jù. Bó ṣe pè mí sí kọ̀rídọ̀ nìyẹn, tó sì fi sùúrù ṣàlàyé fún mi, ní Yorùbá, bó ṣe fẹ́ kí n máa kọ ọ́. Ó fún mi ní àpẹẹrẹ méjì. Ó fi ìyàwó rẹ̀ tó ń ta aṣọ ṣe ọ̀kan. Ó yé mi yékéyéké. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni bàbá náà, n kò sì jẹ́ bi í pé kí ló dé tí kò fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún mi.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìlú yìí kan náà la ti dán fífi Yorùbá kọ́ ọmọ wò, a sì rí ibi tó já sí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo ẹ̀kọ́, àfi Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ló fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ àwùjọ, Yorùbá ni gbogbo rẹ̀, wọ́n sì kọ ìwé tí wọ́n ń lò fún un. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi wọ́n wé lo Yorùbá ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní mẹ́ta ìkẹyìn, bó ṣe wà níbi gbogbo. Nígbà tí wọ́n ṣírò ẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá ọlọ́dún mẹ́fà ló ta àwọn yòókù yọ, wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Ibi Gẹ̀ẹ́sì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Wọ́n fún wọn ní tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kíkọ́ dunjú, iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan, kò jókòó lé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì lórí. Ní tiwa, èmi kan náà ló ń kọ́ ìṣirò, èmi ló ń kọ́ ìlera, èmi ló ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí mo sì tún ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kò sì gbọ́ ìṣirò.

Fáfúnwá padà di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti 1990 sí 1992. Ó kú ní 2010. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni ká máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn, mo ń retí ìwé. Ìwé kankan kò dé ọ̀dọ̀ tiwa, ẹnikẹ́ni kò pè wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni ká padà sí. Àlàyé mínísítà ni pé àwọn agbègbè tó ń lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Mo fẹ́ mọ ilé ìwé tí wọ́n ti ń lò ó ní òtítọ́, pẹ̀lú ìwé, pẹ̀lú tíṣà Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, kí n lọ wò ó. Ohun tí mo ń rí láyìíká mi ni pé nóòtì wà ní Gẹ̀ẹ́sì, àlàyé ń lọ ní Yorùbá lábẹ́lẹ̀, ìdánwò tún padà sí Gẹ̀ẹ́sì.

N kò ní ṣe bí ẹni pé kò sí ìdíjú níbẹ̀. Mo ní àwọn ọmọ Hausa láti Sábó, mo ní ọmọ Ìgèdè, ẹ̀yà kan láti ìpínlẹ̀ Benue, tí àwọn òbí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ oko. Ṣùgbọ́n ẹ dúró sí ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ fetí sí bí ọmọ Ìgèdè yẹn ṣe ń fi Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ó gbà pé ìṣòro rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Èyí tó le jù dé ní àsìkò tí a ń palẹ̀ ilé mọ́. Ìyá ọmọ kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Tuntun yà wọlé.

“Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ.”

“Ẹ ṣé, mọ́mì. Ọjà ńkọ́?”

“A dúpẹ́. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá a sọ òyìnbó. Yorùbá là ń sọ nílé, a ti sọ ọ́ tó. Ọmọ tá a jọ ń gbé ilé, aládàáni ló ń lọ, bó bá sọ fẹnákúlà wọ́n á ní kó san owó. Kò tó ọmọ yìí lọ́jọ́ orí o, òyìnbó ló fi ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.”

Mo sọ ọ̀rọ̀ kòkó fún un. Mo sọ ti Modákẹ́kẹ́ fún un. Ó gbọ́ mi jálẹ̀, ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín.

“Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ṣebí òyìnbó lẹ fi rí iṣẹ́?”

N kò rí èsì kankan fún un, nítorí pé òótọ́ ni. Òun kọ́ ló ṣètò ìdánwò, òun kọ́ ló ń gba èèyàn síṣẹ́. Ibi tí ilẹ̀kùn wà ló rí, ibẹ̀ ló sì ń ti ọmọ rẹ̀ sí.

Mo wá ní kó jẹ́ kí ọmọ náà máa dúró lẹ́yìn ìparí, òun àti ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà mìíràn, ká máa sọ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu lásán, láìsí ìwé, láìsí pátákó. Ká máa fi í tajà, ká máa fi í jà, ká máa fi í sọ ohun tí a jẹ. N kò ní gba owó.

“Títí di aago mélòó?”

“Aago mẹ́ta.”

“Há, Àǹtí! Òun ló ń bá mi jókòó ti ọjà tí mo bá lọ síbi ọlọ. Aago méjì ààbọ̀.”

A fi sí méjì ààbọ̀, Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì. Ó ní bó bá di àkókò tí èlùbọ́ bá ń tà, kí n má bínú o, òun lè ránṣẹ́ wá mú un.