Ìlú Tí Wọ́n Kàn Sórí Òkun

Ọjọ́bọ̀, alẹ́.

Mo ń kọ èyí lórí pákó, òkun sì ń lu òpó ilé lábẹ́ mi. Àlàfo tó wà láàárín pákó kan sí èkejì tó ìka kan. Bí mo bá tan iná fóònù síbẹ̀, mo ń rí omi tó ń dán nísàlẹ̀.

Ko Panyi ni wọ́n ń pe ibí yìí, níbi tí òkun ti ya wọ ilẹ̀ ní Phang Nga, gúúsù Táílándì. Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló gbé wa wá láàárọ̀, irú èyí tí wọ́n so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọ̀pá gbọọrọ lẹ́yìn rẹ̀. Àpáta ni mo kọ́kọ́ rí, ó yọ láti inú omi, ó dúró ṣánṣán bí ògiri. Orí mọ́ṣáláṣí tó ń dán bíi wúrà ló tẹ̀ lé e. Ìgbà tí a sún mọ́ ọn ni mo tó rí i pé orí òpó ni ọ̀pọ̀ ilé tó wà nídìí àpáta náà dúró sí, àti ọ̀nà tí wọ́n ń rìn pàápàá.

Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni àwọn apẹja Mùsùlùmí, ẹ̀yà Malay, tẹ̀dó síbí. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé láti Java ni ìdílé mẹ́ta ti gbéra, wọ́n sì ṣàdéhùn pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ibi tí ẹja pọ̀ sí ni kó ta àsíá sókè kí àwọn yòókù lè rí i. Àsíá yẹn ni orúkọ ìlú. Ṣùgbọ́n òfin ìgbà náà kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ Táílándì ní ilẹ̀. Wọ́n bá ri òpó mọ́ inú òkun, wọ́n sì kọ́lé lé e. Nígbà tó pẹ́ gan-an, tí owó àwọn àlejò ti ń wọlé, tí wọ́n wá lè ra ilẹ̀ díẹ̀ ní ẹsẹ̀ àpáta, mọ́ṣáláṣí àti kànga omi mímu ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe. Mo rò ó títí. Ẹni tí kò nílẹ̀ fún bí igba ọdún, ó wá rí ẹyọ kan, ibi ìforíkanlẹ̀ àti omi tí kò níyọ̀ ló kọ́kọ́ rò.

Láti orí afárá Third Mainland ni mo ti ń wo Makoko láti kékeré. N kò bi ẹnikẹ́ni rí bí wọ́n ṣe dé orí omi yẹn. Ó dùn mí pé ọ̀nà tó jìn tó báyìí ni mo rìn kí n tó béèrè.

Ní ọ̀sán, ọkọ̀ àwọn àlejò kún èbúté. Wọ́n jẹun, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Èmi yà sí ọ̀nà tóóró kan lẹ́yìn, níbi tí ìyá àgbà kan ti sá edé sórí àwọ̀n. Ó ń ṣa ẹja wẹ́wẹ́ kúrò nínú edé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ológbò méjì sì jókòó tì í, wọ́n ń dúró de ìpín wọn. Iyọ̀ ti sán an níka. Nínú abọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kapi wà, edé tí wọ́n fi iyọ̀ sí, tí wọ́n gún, tí wọ́n jẹ́ kó kẹ̀. Òórùn rẹ̀ gbá mi nímú bí irú pẹ̀tẹ̀, ilé ìyá mi ló sọ sí mi lọ́kàn. N kò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi. Mo ní, "Àsàlámù àlékùn." Ó dáhùn, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì tètè fi sílẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló wá túmọ̀ fún mi: "Màmá ní ṣé ẹ ti kírun?" A jọ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ wo pápá bọ́ọ̀lù wọn tó léfòó sórí omi. Ọdún 1986 ló bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ibí wo Ife Àgbáyé lórí tẹlifíṣọ̀n, bọ́ọ̀lù wọ̀ wọ́n lójú, àmọ́ kò sí ilẹ̀ tí wọ́n máa gbá a lé. Wọ́n ṣa pákó àlòkù àti ègé ọkọ̀ ìpẹja, wọ́n kàn wọ́n pọ̀ fúnra wọn. Láàárín ọdún 2004 sí 2010, ẹgbẹ́ wọn, Panyee FC, ń gba ife àwọn ọ̀dọ́ gúúsù Táílándì léraléra. Pápá tuntun ti dípò ti pákó yẹn. Lójú mi báyìí, bọ́ọ̀lù já sómi. Ọmọkùnrin kan bẹ́ tẹ̀ lé e gbàmù, ó gbé e sókè, ó gun orí pápá padà, ó sì ń gbá a lọ pẹ̀lú omi tó ń ro lára rẹ̀. Kò yà ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ilẹ̀ ti ṣú. Mo ń pe gbólóhùn yẹn fún ara mi láti àárọ̀: ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ṣú, ọkàn mi balẹ̀. Ilẹ̀ ni èdè wa gbé gbogbo rẹ̀ lé, ọkàn mi sì balẹ̀ lálẹ́ yìí lórí omi.

Làdáànì ti ń pe Ìṣáì. Wọ́n ti ń jáde nílé, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí pákó. Bí ẹnì kan bá kọjá, ẹní tí mo jókòó lé a mì díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ ṣe àlùwàlá.